Ọkọ̀ Tí Kò Tíì Lórúkọ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin,

Mo kí yín, mo kí Bàbá wa. Mo lérò pé orúnkún tó ń dùn yín ti rọlẹ̀, àti pé Bàbá ṣì ń jẹun kó tó wá bú ẹni tó sè é. Ara tèmi le. Ọkàn mi nìkan ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí tó kù, ẹ má sì kà á sókè bí Bàbá bá wà nítòsí.

Iléeṣẹ́ ìtẹ̀wé wa ló tẹ ìwé ètò ìpàtẹ ọkọ̀ ojú omi àgbáyé tí wọ́n ń ṣe níbí lọ́sẹ̀ yìí. Èmi ni mo ka gbogbo rẹ̀ láti wá àṣìṣe inú rẹ̀, ojú ewé igba ó lé. Wọ́n wá fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì. N kò fẹ́ lọ, àmọ́ ọ̀gá ìtẹ̀wé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ènìyàn: "Ìwọ tí o máa ń dijú bí a bá ń gorí afárá? Lọ jàre! Inú gbọ̀ngàn ni, kò sẹ́ni tó máa jù ẹ́ sómi." Ìtìjú ló gbé mi débẹ̀.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ nípa òkun, àmọ́ n kò rí irú ìpàtẹ yìí rí. Wọ́n gbé àwọn ọkọ̀ lé orí irin, ìdí wọn ga ju orí wa lọ, wọ́n funfun, wọ́n ń dán. Mo gun ọ̀kan tó ní yàrá mẹ́ta. Ọmọge tó ń tà á ní, "Ẹ bọ́ bàtà o, Mà. Ilé nìyí, ọkọ̀ kọ́." Gbogbo ayé ló pé síbẹ̀, kò sì sí ẹ̀kán omi kan àfi èyí tí wọ́n ń tà nínú ike. Síbẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń ṣe mí bí ẹni pé ẹnìkan ń tẹ̀ lé mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bojú wẹ̀yìn. Mo ní àárẹ̀ ni.

Ní igun tí wọ́n kó àwọn ọkọ̀ àtijọ́ sí, mo rí i. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni. Ẹ mọ bí imú ọkọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń yà díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún, nítorí ojú òsì rẹ̀ tí kò ríran dáadáa. Káàdì kan wà níwájú rẹ̀: "Ọkọ̀ onípákó. Ẹni tó kàn án: a kò mọ̀. Orúkọ: kò ní." Èmi fúnra mi ni mo ka gbólóhùn yẹn lórí tábìlì mi lóṣù tó kọjá. Mo fa ìlà sí i pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀.

Ẹ rántí pé Bàbá kì í kọ orúkọ sára ọkọ̀ tuntun. "A kì í sọ ọmọ lórúkọ nínú oyún. Kó lọ, kó bọ̀ ná." Bí ọkọ̀ bá ti ìrìn àkọ́kọ́ dé ni yóò po ọ̀dà, tí yóò kọ orúkọ tó ti fi sínú. Èyí tí Bọ̀dá wa wà lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn kò bọ̀. Ẹ̀yin náà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ létí omi, pé pósí ni bàbá náà kàn fún ọmọ ara rẹ̀. Bàbá di irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò, kò sì tú u mọ́. "Ọwọ́ mi ló jò," ló ń wí.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí nìyí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mo jẹ́. Bàbá gbé òòlù fún mi pé kí n kan ìṣó kan péré, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, kí èmi náà lè lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ náà. Ìṣó náà tẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ojú tì mí, mo lù ú palẹ̀, mo fi ọ̀dà bò ó kí Bàbá tó yíjú. Láti ọjọ́ tí Bọ̀dá wa kò bọ̀, ìṣó yẹn ni mo ń bá sùn, òun ni mo ń bá jí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kì í fi í wo omi.

Baba arúgbó tó tún ọkọ̀ náà ṣe ló wà nídìí rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n wo abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó wò mí títí, ó gbé pákó rẹ̀ sókè. Ìṣó mi wà níbẹ̀, ó tẹ̀ bí ìka tó ń peni. Ó rẹ́rìn-ín: "Ìyẹn? Ọmọdé ló kàn án. N kò yọ ọ́, nítorí ó mú pákó dáadáa. Ọkọ̀ yìí ò jò rí, Mà. Ẹni tó kàn án mọṣẹ́."

Mo ń sunkún, mo ń dúpẹ́, kí n tó rántí láti bèèrè ibi tí wọ́n ti rí i. Ó ní àwọn apẹja ló bá a lódìkejì omi, ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè wa, lọ́dún náà gan-an. Gbígbẹ ni inú rẹ̀. Àjẹ̀ tí a fi ń wà á wà nílẹ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ti so ó mọ́ igi kí wọ́n tó dé.

Ẹnìkan so ó, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo bi í bí wọ́n ṣe ta kókó okùn náà, bóyá màá dá ọwọ́ Bọ̀dá wa mọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó rántí, okùn ti jẹrà tipẹ́. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn ló rí i lójú omi tó so ó. Ó sì lè jẹ́ Bọ̀dá wa ló gúnlẹ̀, tó so ó, tó rìn lọ. Wọ́n ní kí ọmọ ẹni kú, ó sàn ju kó sọnù lọ. N kò mọ̀ bóyá ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ti fojú ara rẹ̀ rí méjèèjì.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí: bí a bá sọ fún Bàbá pé ọwọ́ rẹ̀ kò jò, a ti sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀. Èwo ni ẹrù tó fúyẹ́ fún ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin? Mo ti rò ó títí, èrò mi kò gúnlẹ̀ síbì kan. Ẹ̀yin ni ẹ ń rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá rí àárọ̀ kan tí inú rẹ̀ dùn, ẹ sọ fún un pé ọkọ̀ náà wà, pé ó gbẹ. Kí ẹ wá bi í lórúkọ rẹ̀. Arúgbó náà ti ṣèlérí fún mi pé òun yóò fi àyè sílẹ̀ lára káàdì. Bí Bàbá bá dárúkọ, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi kíá. Bí ó bá yíjú sí ògiri, ẹ má bi í mọ́. A jẹ́ pé lójú tirẹ̀, ọkọ̀ náà kò tíì dé.

Kí ilẹ̀ máa tutù lẹ́sẹ̀ yín. Kí Bàbá má ṣe fi ìbéèrè lọ sùn. Kí ẹni tó bá ń bọ̀ wálé, ibikíbi tó wà, má ṣìnà.

Èmi ni,
Àbúrò yín tó kan ìṣó wíwọ́.

Mo gbàgbé: Ẹ má sọ ti ìṣó fún Bàbá, èmi ni màá wá kúnlẹ̀ sọ ọ́. Nǹkan mìíràn tún ni pé, nígbà tí mo ń kúrò nídìí ọkọ̀ náà, mo gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá." N kò bojú wẹ̀yìn mọ́.