Baba Ṣí-i-Wò, A Ti Sọ Fún Wọn Báyìí

Ọkọ mi, Baba Ṣí-i-Wò, ọdún márùn-ún rèé tí o lọ. Ọdún márùn-ún gbáko! O ní kí n jẹ́ kí o na ẹ̀yìn díẹ̀ kí o tó padà sídìí iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà oníbàárà kan ṣì wà ní títú sílẹ̀ lórí tábìlì. O sùn báyẹn, o ò jí mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí ọ, mo sì ń bínú títí di òní.

Lọ́dọọdún ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ìrántí yìí, lọ́dọọdún ni mo sì máa ń kọ èyí tó dùn ún gbọ́. Ti ọdún yìí ò rí bẹ́ẹ̀. A ti ṣe ohun kan ní orúkọ rẹ tí kò dára. Èmi ni mo sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti gbé e mì, kò ṣeé gbé mì. Ta ni n bá sọ ọ́ fún bí kò ṣe ìwọ?

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó rọrùn. Yàrá ẹ̀yìn tí o fi sílẹ̀ láìní òrùlé, a ti parí rẹ̀. A kùn ún ní funfun. Àbíkẹ́yìn rẹ ti ga jù mí lọ, ohùn rẹ̀ sì ti di ohùn rẹ. Bó bá kí mi láti ẹnu ọ̀nà, àyà mi á já. Àkọ́bí rẹ obìnrin ti di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé fún un níbẹ̀ ò ní Linux, ètò ọ̀fẹ́ rẹ tó ń darí kọ̀ǹpútà, lórí rárá, èyí tí wọ́n ń tà ni wọ́n ń lò láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ṣíwọ́. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O máa ní ọmọ rẹ ti sá lọ bá ọ̀tá. Fara balẹ̀ jàre, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù wa ṣì ń lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tábìlì tìẹ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí o hú jáde láàárín àwọn èyí tí ọ́fíìsì kan kó dà nù, tí mo ní òkú lo gbé wọlé, tí o tú, tí o fọn eruku inú ẹ̀, tí o fi Linux sí i, ọdún kẹrìnlá ẹ̀ rèé. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́! Òun ni mo fi ń ya àwòrán aṣọ kí n tó gé e. Mo gbà fún ọ lórí ìyẹn.

Mi ò gbà fún ọ lórí gbogbo rẹ̀ o. O mọ̀ mí, mi ò ní tìtorí pé o kú kí n wá máa pọ́n ọ. Ètò ìkọ̀wé ọ̀fẹ́ rẹ yẹn ṣì ń da ìlà ìwé mi rú bí mo bá fi ránṣẹ́ sí oníbàárà tó ń lo èyí tí wọ́n ń tà. Wọn kì í tún Linux náà ṣe kí íńtánẹ́ẹ̀tì má dákẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mi. Àfi kí n jókòó kí n máa wojú ẹ̀ títí àkọ́bí rẹ á fi dé láti ibi iṣẹ́. O máa ń sọ pé ẹ̀bi àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ni, pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ inú ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ kọ́ lo jókòó síwájú ẹ̀ tí ò ń bú u.

Àbúrò rẹ náà wá, èyí tó máa ń pe Linux ní kọ̀ǹpútà ìyà. Ó ra ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń dán, kò pé ọdún méjì tí bátìrì ẹ̀ fi wú. Ó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì dúró síwájú tábìlì rẹ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gbogbo inú ẹ̀ pọ̀, kò ṣeé tú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ì bá ti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọdún tó ń bọ̀. Ló bá bú sẹ́kún! Àgbà ọkùnrin! Mo bu omi fún un.

Ṣebí torí ìyẹn náà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ ní àdúgbò yìí. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu rẹ ni "Ṣí i wò!" Ohun tí wọn ò bá jẹ́ kí èèyàn ṣí, o ní kì í ṣe tiẹ̀, wọ́n kàn yá a ni. Nígbà tí o kọ́kọ́ wá sílé wa, kí o tó kí ìyá mi tán, o ti dojú ẹ̀rọ ìránṣọ wọn délẹ̀ tí ò ń wo ìdí ẹ̀. Màámi rò pé olè ni.

Ó yá, mo ti sá tó. Jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ètò kékeré rẹ yẹn ni, èyí tí o kọ fún àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́. Àwọn tó ṣe wọ́n ti pa wọ́n tì, wọ́n ní kí gbogbo ayé lọ ra tuntun. Ìwọ ní rárá. O jókòó, o kọ ohun tí yóò jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Linux, o sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ mú un. Àwọn èèyàn mú un lóòótọ́, láti ibi tí ẹsẹ̀ wa ò lè dé láéláé. Wọ́n ń kọ̀wé sí ọ lójoojúmọ́. Mo jowú àwọn lẹ́tà yẹn bí ẹni jowú orogún!

Ọ̀sẹ̀ kejì tí a sin ọ́, àkọ́bí rẹ ṣí àwọn lẹ́tà náà. Ó lé ní ogójì. Ó bi mí pé kí lòun máa sọ fún wọn. Mo wo ojú ìwé ètò náà. Orúkọ rẹ wà lókè ẹ̀: ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ nìyí. Gbogbo ibi tí mo yíjú sí lọ́sẹ̀ yẹn, olóògbé ni wọ́n ń fi síwájú orúkọ rẹ. Ibẹ̀ nìkan ló kù tí wọ́n ti ń pè ọ́ bí èèyàn tó wà láàyè. Wọ́n ń bi ọ́ léèrè. Wọ́n ń retí rẹ. Mo ní kí ó dá wọn lóhùn bí ìwọ ì bá ṣe dá wọn lóhùn, kí ó má sọ nǹkan kan.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ oṣù kan ni.

Gbogbo ọ̀sán Sátidé fún ọdún márùn-ún, ọmọ yẹn jókòó sórí àga rẹ, ó ń jẹ́ ìwọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń jáde, òun ń tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ó sì ń fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Bó bá ka ọpẹ́ náà sí mi létí, inú mi á dùn, mo máa ń sọ pé ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Mi ò bi í rí bóyá ó rẹ̀ ẹ́.

Ó rẹ̀ ẹ́. Lọ́dún yìí, wọ́n yí nǹkan kan padà nínú Linux, àwọn ẹ̀rọ méje tó dàgbà jù nínú àwọn tí o kọ̀wé fún ò sì bá a mu mọ́. Ó bá a jà títí, agbára ẹ̀ ò ká a. Ló bá yọ àwọn méjèèje kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kọ ọ́ síta pé: Mo ti pinnu láti jáwọ́ nínú wọn. Ìwọ lo pinnu, ọkọ mi! Ìwọ tí o bá àbúrò rẹ jà lọ́jọ́ tó ní kí o ju ẹ̀rọ kan dà nù!

Èébú dé. Wọ́n ní o ti yí padà. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ kan ti rà ọ́. Ẹnì kan ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé ojú ayé lò ń ṣe. Ọmọ rẹ ń ka gbogbo ẹ̀, kò sọ fún mi. Ìgbà tí lẹ́tà nọ́ọ̀sì dé ni kò lè pa á mọ́ra mọ́.

O máa rántí nọ́ọ̀sì náà, obìnrin tó ń gbẹ̀bí ní ilé ìtọ́jú kékeré kan, tó ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọ. Àkọ́bí rẹ jókòó sí ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó ka lẹ́tà náà fún mi. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ pé: "Ẹ ṣèlérí fún mi pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì ń mí, ẹ̀rọ mi á máa tẹ̀wé. Ó ti dákẹ́ láti oṣù tó kọjá. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ káàdì báyìí. Lánàá mo ṣi ọjọ́ kọ fún ọmọ kan, ìyá ẹ̀ pọ̀n ọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn lásán. Ṣé ẹ ò mí mọ́ ni?"

Háà! Mo jágbe mọ́ ọmọ náà. Mo ní ta ló rán an níṣẹ́, ta ló ní kó fọwọ́ kan iṣẹ́ bàbá ẹ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin ni." Kò pariwo.

Ó lọ wá ohun tó pa rẹ́. Nínú iṣẹ́ yín yẹn, ẹ̀dà àtijọ́ máa ń wà níbì kan, ohun tó sọnù ṣeé mú padà. Mo bá Ọlọ́run rẹ jà díẹ̀ lórí ìyẹn, pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún èèyàn. Láàárín gbogbo ìlà tí ọmọ náà gé kúrò láìkà wọ́n tán, ọ̀rọ̀ kan wà tí o kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó wà fún ẹ̀rọ nọ́ọ̀sì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ èyí, ẹnì kan ń lò ó. Ọmọ rẹ ka ìlà yẹn, ó gbé orí lé tábìlì. Sátidé mẹ́ta ló fi tún àwọn méjèèje ṣe. Mo gbé oúnjẹ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà, mo sì jókòó tì í. N kì í jókòó tì í tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ó kọ òótọ́. Àbúrò rẹ ní kí a fi sílẹ̀, pé ta ló ń pa lára. Mo ní èmi ló ń pa lára. Mo sọ ọ́, ọmọ rẹ kọ ọ́: "Ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí ti kú láti ọdún márùn-ún. Èmi ìyàwó ẹ̀ ni mo ní kí a má sọ. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló ń dá yín lóhùn. Àwọn ẹ̀rọ méjèèje ti padà. Ẹ má bú òkú mọ́, èmi ni kí ẹ bú."

Wọ́n bú mi dáadáa. Àwọn kan dárí jì wá, àwọn kan kí wa. Ọkùnrin kan ní òun ò ní fi kọ̀ǹpútà òun sí ọwọ́ òpùrọ́ mọ́, òun ti yọ ètò náà kúrò. Òótọ́ ló sọ. Nọ́ọ̀sì ní tiẹ̀ ò fèsì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ẹ̀ ń tẹ̀wé, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì ń fi ọwọ́ kọ ọjọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Abẹ́rẹ́ ń gún mi lọ́wọ́ lórí aṣọ tí mò ń rán.

Àárọ̀ yìí ló fèsì. Àárọ̀ yìí, ọjọ́ rẹ! Ó kọ ọ́ pé: "Ẹ̀rọ mi ti ń tẹ̀wé. Ẹ kú àfẹ́kù, bó tilẹ̀ ti pẹ́. Bàbá yẹn mú ìlérí wọn ṣẹ, wọ́n tọ́jú mi títí èémí wọn fi pin. Ọmọ tó wá ń tọ́jú mi láti ìgbà náà, ẹ ò sọ fún wa. Kí ni orúkọ ẹ̀?"

Kí ni orúkọ ẹ̀! Ọkọ mi, a kọ òótọ́ tán, a ò rántí kọ orúkọ ọmọ náà sí i. Ọdún márùn-ún! Mi ò tíì rí i kó sunkún báyẹn láti ọjọ́ tí a sin ọ́.

A ti yí i padà. Orúkọ ẹ̀ ló wà lókè báyìí. Tìẹ wà nísàlẹ̀: ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi tẹ bọ́tìnnì ẹ̀. Mo ti ń rò ó láti ọdún márùn-ún pé bí a bá mú orúkọ rẹ kúrò níbẹ̀, o máa tún kú. O ò tún kú. O ti kú tẹ́lẹ̀ ni, èmi ni mi ò gbà. Má bínú sí ọmọ rẹ. Bó bá di dandan kí o bínú, èmi rèé, tèmi náà ò tíì tán sí ọ.

Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo di ojú. Ọmọ rẹ fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣí i wò."

Mo ṣí i wò. Orúkọ yín méjèèjì wà níbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ mí o, Baba Ṣí-i-Wò. Àárò rẹ ń sọ gbogbo wa. Mo fẹ́ràn rẹ, mo sì ti sọ fún wọn pé o ti lọ.