Bọ́tìnì Tí Ọ̀gá Ohùn Lè Tẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá, 2025

Ọjọ́ kẹta rèé tí Ọ̀gá Ohùn, ọkọ mi, ò gbọ́ orin. Wọ́n ní àwọn darí kọ́yà fún ọgbọ̀n ọdún gbáko ní Oǹdó yìí, àwọn ò ní máa tọrọ orin lọ́wọ́ ìyàwó àwọn bí ẹni tọrọ iyọ̀. Mo ní ọwọ́ yín ló ń gbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n bá yín tẹ ẹ̀rọ orin. Ọkọ mi kọjú sí ògiri. Ilé wá dákẹ́ bí ilé ìwé tó gba ọlidé. Ó dùn mí gan-an ni. Màá wá nǹkan tí wọ́n lè fúnra wọn tẹ̀, dandan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Fóònù tí Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ wa, fi ránṣẹ́. Gíláàsì lásán. Ìka wọn gbọ̀n kàn án — orin ò jáde, ó pe àlùfáà ìjọ wa lẹ́ẹ̀mẹta. Àlùfáà sáré dé tàwọn tìwé àdúrà, wọ́n rò pé ẹnìkan ti kú. Wọ́n jẹ iṣu wa kí wọ́n tó lọ.

Ọjọ́bọ̀, 6

Rédíò kékeré onímẹ́mórì. Bọ́tìnì rẹ̀ kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Wọ́n fi ìdí ṣíbí gún un. Ṣíbí nìkan ló yè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Àkúrẹ́. Leah tó ń ta ẹ̀rọ gbé erin pupa kan, ohun ìṣeré ọmọdé, jáde: "Màmá, èyí ni bọ́tìnì ẹ̀ tóbi jù." Mo tẹ̀ ẹ́. Éè, bíì, síì! Ká gbé e síwájú Ọ̀gá Ohùn? Kí n má rí ìjà.

Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí télọ̀ kan lódìkejì títì, Ìbídùnní. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú aṣọ, ẹsẹ̀ ló ń fi tẹ pẹ́dàlì. Mo dúró bí ẹni gbàgbé nǹkan. Ẹsẹ̀! Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo ra ògbólógbòó pẹ́dàlì lọ́wọ́ ẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ Májẹ́kódùnmí tó ń tún rédíò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá wáyà. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́rú.

Ọjọ́rú, 12

Májẹ́kódùnmí ní, "Uṣẹ́ ti parí, Màmá!" Ó ti fi wáyà so pẹ́dàlì mọ́ ẹ̀rọ orin: tẹ̀ ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀. Tún un tẹ̀, ó bọ́ sí òmíràn. Mo gbé e dé Oǹdó lórí itan bí ọmọ ọwọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Orin jáde! Ojú wọn là — àfi bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwọ̀n orin, gbì, gbì, gbì, bó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Gbì kan, orin kan. Orin mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú kan; a bẹ̀rẹ̀ ní Kérésìmesì, a parí síbi ìsìnkú. Mo di ikùn mú.

"Ṣé èmi lo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Ọ̀rẹ́?"

Mo ní rárá o, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Ẹsẹ̀ òsì — ó ń kà. Orúnkún — ó ń kà. Orí ńkọ́? Áà. Kò síbi tí kì í ṣe kọ́yà nínú ara ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Mi ò gbọ́ ìwàásù kankan lónìí, ọkọ mi ni mò ń wò. Gbogbo ara ń kọrin, ìgbọ̀nwọ́ òsì nìkan ló fẹ̀yìn tì sórí àga bí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mo délé, mo fi gèlè àtijọ́ so pẹ́dàlì mọ́ apá àga wọn.

Ọjọ́ Ajé, 17

Wọ́n fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ẹ́. Orin kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Àmín. Òmíràn. Òmíràn. Wọn ò tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Láti àárọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo gbé ẹ̀wà kaná, mo na etí. Inú mi dùn — ó yẹ kó dùn. Ó kàn ń ṣe mí bákan ni.

Ní agogo mẹ́rin: "Ìyá Ọ̀rẹ́!" Mo sáré, bàtà kan lẹ́sẹ̀. Mo ní ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Wọ́n ní kò bàjẹ́. Wọ́n ní àga kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ló ṣófo.

Mo jókòó. Ẹ̀wà jóná.