Nọ́ọ̀sì Orí Tẹlifíṣọ̀n àti Èpè Ọjọ́ Jímọ̀

Motọ́lání ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Yábàá níbẹ̀? Ṣé òrùlé ilé tí o rẹ́ǹtì kò jò mọ́? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Ìrẹsàapá, orúnkún ìyá rẹ ti ń gbọ́ oògùn, ewúrẹ́ dúdú sì bí méjì, akọ ni méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì òyìnbó kan wà tí a ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n ìyá Haleemah ní ìrọ̀lẹ́, ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti yọ ni mo máa ń kí i, kò tíì dá mi lóhùn rí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá ṣàkíyèsí pé ẹnu rẹ̀ kò bá ti àwọn tó kù mu, àwọn yẹn ń fi imú sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ń gòkè ní ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Mo ní ọmọ yìí kì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù. Tíṣà Kọ́lápọ̀ ní ṣé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni? Mo ní n kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èmi tí mo wa mọ́tò láti Ṣakí dé Ìjẹ̀bú, kí èrò tó ná owó ọkọ̀ tán ni mo ti mọ ìlú tí wọ́n ti bí i. Mo kàn fẹ́ mọ ìlú ọmọ náà kí n lè rí nǹkan fi kì í ni.

Àfi bí Yẹ̀kínnì ọmọ alágbẹ̀dẹ ṣe wọlé, ẹni tó lo ọdún mọ́kànlá ní ilẹ̀ òyìnbó. Kò tíì jókòó tó fi pariwo pé ará Niúkásù ni, ìlú kan ní òkè lọ́hùn-ún, létí odò, pé àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹnu yẹn. Orí mi wú! Lọ́jọ́ kejì mo kì í ní ọmọ Niúkásù, ọmọ onílé létí odò, ó sì rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé ló rí i.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin kan pè mí lórí fóònù, ó ń fi imú sọ̀rọ̀, ó ní Dáádì. Mo ní kó lọ wá ẹlòmíì lù ní jìbìtì, mo sì ṣẹ́ ẹ lépè pé iṣẹ́ tó ń ṣe kò ní yẹ ẹ́. Mo pa fóònù. Ìyá rẹ ló wo nọ́ńbà, ó ní ìwọ ni. Ó ní ọ̀gá yín ní Ìlúpéjú, níbi tí ẹ ti ń gba ìpè àwọn òyìnbó, ló ní kí ẹ pa ẹnu ilé tì, àti pé oṣù yìí ni wọn yóò yan àwọn tí wọ́n máa gbà sí iṣẹ́ pátápátá.

Ó dùn mí, ọmọ mi. Mo mọ ẹnu ará Niúkásù, n kò mọ ti ọmọ tí mo bí. Ojú ń tì mí láti pè ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Sọ ọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ ní ọ́fíìsì, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n wo nọ́ọ̀sì yẹn, wọn kò tíì lé e.

Bí ará Niúkásù bá pè yín, bá mi bèèrè ilé ìyá rẹ̀, kí a lè fi èlùbọ́ ránṣẹ́. Bí nǹkan bá sì wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá Haleemah, owó tẹlifíṣọ̀n ti fẹ́ tán.

Mo ti bu omi tútù fọ ẹnu mi. Ẹni tó pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò yẹ ẹ́, kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni yóò fi jẹun ọlá. Ohùn yòówù kó fi pè mí, ọmọ mi ni.

Èmi ni baba rẹ,
Àkàngbé