Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Gba Ọwọ́ Gééjì Gbọ́

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Kẹwàá 1991

Lónìí ló pé oṣù mẹ́ta tí Bàbá Usamah, ọkọ mi, fi wá sílẹ̀. Lọ́ọ̀rì rẹ̀ ti di tèmi — èmi tíṣà tó ń kọ́ ọmọ kíláàsì kẹta ní ìṣirò. Kí n tó lọ sílé ìwé, mo ní kí dírẹ́bà ṣíná ọkọ̀ kí n wo gééjì dísẹ́lì. Sátidé ni wọ́n rọ epo kún táǹkì. Kírikírì nìkan ló lọ láti ìgbà náà. Ọwọ́ gééjì ti wá sí ìdajì! Kírikírì tó wà nítòsí wa níbí?

Ebikabowei ni dírẹ́bà náà, ó ti bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Adákẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Tí èèyàn bá bá a sọ gbólóhùn mẹ́ta, ìdajì ló máa fi dáhùn. Adákẹ́ má fọhùn, a ò mọ tẹni tó ń ṣe.

Regina, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ti sọ ọ́ lánàá: "Aunty Tíṣà, that your driver dey sell your diesel o." Mo bínú sí i lánàá. Lónìí, mi ò bínú mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Mo bi Adákẹ́. Ó ní gééjì yẹn kì í sọ òótọ́, Ọ̀gá mọ̀. Ó parí. Ó wá fa ọ̀pá kan yọ lẹ́yìn àga, wọ́n ti fi ọ̀bẹ fín ìlà sí i lára, ó ní òun ni àwọn fi ń wọn epo. Ọ̀pá! Òyìnbó ṣe ọkọ̀, ó fi gééjì sí i, ẹ̀yin wá ń ki igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Àti pé Ọ̀gá mọ̀ — ta ló fẹ́ lọ bi Ọ̀gá léèrè ní sàréè?

Ọjọ́rú, 9

Ọwọ́ gééjì wà lórí òdo láàárọ̀. Ọkọ̀ lọ Kírikírì, ó sì bọ̀, kò rọ epo. Ó dájú: Adákẹ́ rí i pé mo ń ṣọ́ òun, ló bá rọra dá díẹ̀ padà nínú èyí tó ti jí.

Ọjọ́bọ̀, 10

Mo se ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, mo bù ú sínú kúlà, mo ní mo ń gbé oúnjẹ lọ fún dírẹ́bà ní èbúté Tin Can. Irọ́ ni. Ìṣọ́ ni mo lọ ṣọ́. Àwọn lọ́ọ̀rì tò bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de agogo. Mi ò tíì dé ìdí ọkọ̀ wa tí mo fi rí Adákẹ́: ó ń fi ẹnu fa rọ́bà nídìí táǹkì, dísẹ́lì wa ń dà sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì gbé e fún dírẹ́bà tó wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn gbá a léjìká. Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Adákẹ́ rẹ́rìn-ín!

Mo gbé kúlà mi, mo yí padà. Èmi àti Regina la jẹ ẹ̀bà náà. Lẹ́yìn náà mo sunkún. Kì í ṣe torí dísẹ́lì. Ọkùnrin yìí wà lára àwọn tó gbẹ́ sàréè ọkọ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Mo ti kọ ìwé tí n ó fi lé e. Mo dà á kọ lẹ́ẹ̀mejì kó lè mọ́ dáadáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ọwọ́ mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọṣẹ ò ràn án.

Mo bá ọkọ̀ lọ Tin Can láti kó páálí wàrà. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ká já ẹrù tán, kí n fún un níwèé, kí n gba kọ́kọ́rọ́. Lójú ọ̀nà, a kó sí kòtò kan, ọwọ́ gééjì bá fò láti òdo sí ìdajì. Inú mi dùn sí i, mo rò pé ara rẹ̀ ló yá. Adákẹ́ yà sílé epo, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní ká rọ díẹ̀ sí i ká tó wọ ìlà lọ́ọ̀rì. Mo ní rárá. Mo ní ṣé mo fọ́jú ni? Ìdajì rèé, má ṣí táǹkì yẹn. Ó wò mí. Ó dá ọ̀pá padà.

Àárín ìlà gan-an ni ọkọ̀ ti húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kú. Ìdajì ni gééjì ń pè síbẹ̀! Fèrè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. Mo ń retí èébú. Àfi bí àwọn dírẹ́bà ṣe ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, kálukú pẹ̀lú agolo dísẹ́lì lọ́wọ́, wọ́n ń dà á sínú táǹkì wa. Ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan. Ẹni tí mo rí lọ́jọ́bọ̀ wà lára wọn, Chukwuma lorúkọ rẹ̀. Mo bi í pé kí lèyí. "Madam, na line law. Person quench for front, everybody wey dey him back go drop one tin. If not, we go sleep here." Ó ní lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ tòun ló kú, Ebikabowei ló sì kọ́kọ́ fún òun. Ó ní òun rò pé mo mọ̀, torí ọkọ mi wà lára àwọn tó dá òfin náà sílẹ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ ti ènìyàn, ti gééjì ni mo gbọ́.

Tí dísẹ́lì bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ inú páìpù, ẹnjìnì ò ní dáhùn àfi tí wọ́n bá lé e jáde. Adákẹ́ tú nọ́ọ̀tì kan, ó ní kí n máa fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré kan. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìhó fi tán tí epo ń jáde gaara. Nígbà tí ẹnjìnì bú, mo pariwo bí ọmọdé, àwọn dírẹ́bà sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀.

A já wàrà tán. Mi ò fún un níwèé.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo lọ sílé Adákẹ́ ní àdúgbò Boundary. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí kan ìwé náà. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́bọ̀, pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́, bí mo ṣe yí padà. Ebiere ìyàwó rẹ̀ ló sọ ìyókù: ọ̀gá Chukwuma ti ní kí Adákẹ́ wá máa wa ọkọ̀ tuntun fún òun láti ọ̀la. Ó ti gbà.

Mo kúnlẹ̀. Ó yára gbé mi dìde, ojú tì í ju èmi lọ. Mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró, mi ò ní ẹnu ìyẹn. Ó ní òun ti gbọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sórí tábìlì níwájú mi. Mo mú un, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé.

Ọjọ́ Ajé, 14

Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Adákẹ́ ni. "Màdáámù, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ilẹ̀ ti mọ́."