Ta Ni Yóò Di Etí Okùn Kejì Mú?

Sí àkọ́bí mi obìnrin, ọmọ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ sórí tábìlì iṣẹ́ mi kí n tó rí pákó tẹ́ sí i,

Báwo ni nǹkan? Ṣé ara yín le? Ṣé ọkọ rẹ wà dáadáa? Ọmọ kékeré yẹn ńkọ́, eyín rẹ̀ tó ká, ṣé òmíràn ti hù? Ilẹ̀kùn yàrá yín tí mo ṣe fún yín, ṣé ó ṣì ń tì láì dún? Mo mọ̀ pé kò lè dún, èmi ni mo ṣe é, mo kàn fi kí i ni. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yín. Ibi tó bá fẹ́ wọlé, títì ni yóò bá ilẹ̀kùn. Ire tó bá ń bọ̀, gbayawu ni yóò bá a. Àmín.

Gbogbo wa wà ní àlàáfíà níbí. Ẹ̀yìn tó ń ro ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ti fi í sílẹ̀. Kò sí wàhálà kankan àfi ẹyọ kan péré, pé ìyá rẹ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, tí iṣẹ́ ilẹ̀kùn mẹ́fà ti ilé ìwòsàn tuntun sì fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìwọ lo fà á. Mi ò bínú o, àmọ́ ìwọ lo fà á, ìwọ àti fídíò rẹ.

Nígbà tí o wá kí wa, tí o gbé fóònù tuntun fún mi, tí o ní kí n dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù kí n sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo rò pé ìwọ nìkan lò ń béèrè. O ní kí n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn tuntun kan kó lè dùn ún wò, mo fẹ̀yìn tì í. Mo wá sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Mo ní kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, pé ayùn kan àti òòlù kan ni mo fi bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ páànù tó ń jò, pé lónìí kí ẹ fi ilé kan hàn mí ládùúgbò yìí tí kì í ṣe ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń gbà wọ̀ ọ́. Mo wá na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní èmi nìkan ṣoṣo, ọwọ́ méjì yìí, kò sí ẹnì kan tó bá mi di nǹkan kan mú rí. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi, mo tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Àṣé o ti gbé e síta fún gbogbo ayé. Lọ́jọ́ kejì tí o padà, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tín, tín. Mo ṣí i bí o ṣe kọ́ mi, mo rí àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò rẹpẹtẹ! Irinwó èèyàn ló nà án sókè sí mi, àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, tí èèyàn bá na àtàǹpàkò sókè sí káfíńtà, ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀kùn yẹn dúró ṣánṣán. Mo bá ṣí fìlà, mo dìde dúró, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan, ẹ ṣé o, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àádọ́rùn-ún kí ọ̀fun mi tó gbẹ. Bá mi bẹ àwọn tó kù, sọ pé mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Onídìrí tó wà lọ́ọ̀ọ́kán wa ló pè mí, ó ní ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má wo ojú ara yín, ẹ wo etí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì. Mo wò ó. Ìka mẹ́wàá! Márùn-ún lọ́tùn-ún, márùn-ún lósì, òrùka tí mo rà sì wà lára ọ̀kan. Ìyá rẹ ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbá a mú kó má baà ṣubú, bí mo ṣe ń pariwo pé kò sẹ́ni tó bá mi di nǹkan kan mú rí. Ìwọ náà wà níbẹ̀, o rí i, o sì pa ẹnu mọ́.

Ìyá rẹ lọ dirun lọ́dọ̀ onídìrí lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ tó ti fojú fò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun àti obìnrin mẹ́rin ni wọ́n jọ wá wò ó nínú fídíò. Nígbà tó dé, kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo. Ó ká okùn, ó fi kọ́ orí ìṣó, ó ní ṣebí ọwọ́ méjì ni mo sọ pé mo ní, kí n fi ọ̀kan di etí ibí mú, kí n fi ìkejì di etí ọ̀hún.

O mọ okùn yẹn. Okùn tí a ń rì sínú búlúù, tí màá di etí kan mú, tí ìyá rẹ á fi àtàǹpàkò tẹ etí kejì mọ́ pákó, tí màá ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ìlà á dúró gbọnrangandan. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní iná pupa tó ń fa ìlà sára ògiri, kí wọ́n máa bá tiwọn lọ. Okùn yẹn ló kọ́ ilé wa.

Kí n má parọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo wá bí fídíò yẹn ò ṣe ní jáde mọ́. Mo fi aṣọ wé fóònù, mo rì í sínú àpótí irinṣẹ́ lábẹ́ lẹ́búlẹ́bú pákó, mo fi òòlù tó wúwo jù lé e lórí. Mo ní ó di ibi tó máa gbà jáde. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó ń fọ mọ́tò kọjá, ó ní ọ̀gá, ta ló ń dì yín mú lónìí? Mo bá mọ̀ pé tọ̀dọ̀ onídìrí ló ṣì ń jò. Mo lọ bá a pé kó ri tiẹ̀ náà mọ́lẹ̀, màá ṣe àpótí ìjókòó kan fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ó gba àpótí ìjókòó, kò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ilé ìwòsàn ò dúró dè mí. Mo ní kò burú, ṣebí ọ̀gá ni mí. Mo kan ìṣó sí etí kejì pákó, mo so okùn mọ́ ọn, mo ta á, ìlà náà gún. Mo parí ilẹ̀kùn kan, mo gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì àgbà. Ó wò ó, ó da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ilẹ̀kùn nìyí àbí aláìsàn, ó ń fì bí ẹni tí òòyì ń kọ́. Ó ní òun fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á gbé gbogbo ẹ̀ fún àwọn onílẹ̀kùn irin. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí ìṣó ò lè ṣe. Ìyá rẹ, tó bá ti tẹ okùn mọ́lẹ̀, á di ojú kan, á ní ẹ sún un síbí díẹ̀, pákó yẹn ló wọ́, kì í ṣe okùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi rò pé ó kàn fẹ́ràn àríwísí ni.

Mo gbé ilẹ̀kùn aláìsàn padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo yí àwọn ilẹ̀kùn míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí n fi wé e. Nísàlẹ̀ ọ̀kan, níbi tí ọ̀dà kì í dé, mo rí àmì búlúù. Àtàǹpàkò. Mo yí òmíràn, àtàǹpàkò. Mo sáré relé, mo yọ ilẹ̀kùn yàrá wa, ó wà lábẹ́ ẹ̀, ó ti ṣá díẹ̀. Wo ìsàlẹ̀ ti yàrá tìrẹ náà. Ọmọ mi, mo ṣí fìlà fún irinwó àtàǹpàkò tí kò gbé pákó kan rí, èyí tó wà lábẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn mi, mi ò dúpẹ́ rẹ̀ rí. Mo fi fìlà yẹn nu ojú. Eruku ló kó sí mi lójú.

Ìyá rẹ wọlé, ó bá yàrá láì ní ilẹ̀kùn, ó ní ṣé mo fẹ́ lé òun jáde ni. Mo ní rárá, mo fẹ́ dúpẹ́ ni. Ó jókòó, ó ní fún kí ni? Mo ní fún gbogbo ẹ̀. Ó ní gbogbo ẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan, kí n kà á. Mo bá kà á. Mo ka ọjọ́ tó ń fi abọ́ ìfọṣọ gbe òjò kúrò lórí pákó mi pẹ̀lú oyún rẹ nínú. Mo ka oṣù tí mo ṣèṣe lọ́wọ́, tí òun ń fa ayùn, tí mò ń sọ fáwọn oníbàárà pé èmi ni mò ń fà á. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo rántí. Ó ní ó dáa, àmọ́ ibi tí mo ti sọ ti àkọ́kọ́ ni kí n ti sọ ti ìkejì, kí ohùn mi má sì lọ sílẹ̀ o.

Fóònù onídìrí la lò. Ìyá rẹ ló dúró níwájú lọ́tẹ̀ yìí, èmi ni mo wà lẹ́yìn tí mo di ilẹ̀kùn mú, ìka mi nìkan lo máa rí, àmọ́ wàá gbọ́ ohùn mi dáadáa. Onídìrí ní òun ti fi ránṣẹ́ sí ọ, gbé e síta. Má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́ o, oníbàárà mẹ́ta ló ti bá ẹ̀rín yẹn wá, èmi kì í sì í lé oníbàárà. Ọjọ́ márùn-ún péré la fi parí ilẹ̀kùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nọ́ọ̀sì àgbà ṣí wọn, ó tì wọ́n, kò gbọ́ kín. Ó na àtàǹpàkò sí mi. Mo ní kó nà án sí ìyá rẹ.

Fọ́ọ̀mù tí o ní kí n fi forúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ wà pẹ̀lú ìwé yìí. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹyọ kan ni mo kọ tẹ́lẹ̀, mo ti sọ ọ́ di méjì. Àpótí tí wọ́n fà fún orúkọ kéré, ẹni tó wọ̀n ọ́n ò mọṣẹ́, mo ti fi rúlà bá wọn fẹ̀ ẹ́ kó lè gba àwa méjèèjì. Mi ò ní gbowó ìyẹn lọ́wọ́ wọn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Kì í ṣe pé mi ò ní o, mo ní. Àmọ́ lẹ́búlẹ́bú pákó ti kó sí fóònù létí àti lẹ́nu, tí mo bá pè ọ́, ikọ́ nìkan ló ń wú. Fi nǹkan ránṣẹ́ ká fi tọ́jú ẹ̀, kó o sì fi owó fóònù ìyá rẹ kún un, ó ní òun fẹ́ máa ka àwọn àtàǹpàkò òun fúnra òun.

Ọlọ́run á fún ọ lẹ́ni tí yóò máa di etí kejì mú fún ọ. Tó bá sì ti fún ọ, kó jẹ́ kó o tètè rí i, kó má pẹ́ ọ bó ṣe pẹ́ mi.

Àwa ni òbí rẹ, èmi ọ̀gá káfíńtà, àti ìyá rẹ.

Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ìyá rẹ ló ń bá mi tẹ etí ẹ̀ mọ́ tábìlì. Àmì búlúù tó wà nísàlẹ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Má nù ún.