Ìgò Tí Harmen Kò Ṣí

Holwerd,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje.

Jildou ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ púpọ̀. Ṣé ara rẹ le, ṣé ikọ́ ọjọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tiwa náà le.

Pòtétò oko ńlá ti jẹrà. Mo ti ọwọ́ bọ inú ebè kan, ohun tí mo fà jáde ń yọ̀ bí ikun imú, ó sì ń rùn bí òkú ẹja. Mo bì sórí bàtà mi.

O rántí ìgò mẹ́fà tí o fi ránṣẹ́ kí a tó gbìn, ìgò àwọn kòkòrò rere tí ojú lásán kò lè rí, tí ẹ ń sìn níbi iṣẹ́ yín kí wọ́n lè bá kòkòrò tó ń mú pòtétò jẹrà jà. O ní kí a pò wọ́n mọ́ omi, kí a ri irúgbìn sí i. Mo fi mẹ́ta ṣe ti oko ẹ̀bá ògiri òkun fúnra mi. Harmen, àbúrò bàbá rẹ, kó mẹ́ta fún oko ńlá, ó sì ní òun ti ṣe é.

Nígbà tí àrùn dé, Harmen ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ pé kòkòrò Jildou ló ba oko wa jẹ́. Ó sọ ọ́ fún ọ̀gá tó ń yẹ pòtétò tí a ń tà fún irúgbìn wò pàápàá. Nídìí oúnjẹ ó bi mí pé, "Ìyàwó wa, ṣé kòkòrò lo tún bù sọ́bẹ̀ yìí?" Mo bu ọbẹ̀ náà fún un. Ṣùgbọ́n ó ń yà mí lẹ́nu pé ẹyọ kan kò jẹrà ní ẹ̀bá ògiri òkun.

Lánàá mo ń wá okùn nínú àká. Mo gbé àpò oúnjẹ ẹṣin kúrò, ìgò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ṣí ìdérí wọn rí. Mo tò wọ́n síwájú Harmen níbi tó ti ń jẹun. Kò tilẹ̀ gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó ní, "Ọmọ tí mo kọ́ ní kẹ̀kẹ́ gígùn ló fẹ́ wá kọ́ mi ní pòtétò gbígbìn?" Ọbẹ̀ ń ṣàn ní àgbọ̀n rẹ̀. Ìríra tí mo kó lóko kò tó èyí. Mo gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dà á fún ajá.

Bàbá rẹ ní kí n má kọ ọ́ sí ọ, pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Mo ní ìwọ kì í ṣe àlejò. Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ fúnra wọn kó ìgò náà lọ bá ọ̀gá tó ń yẹ irúgbìn wò, wọ́n sì sọ òótọ́. Ọ̀la la máa wú oko ńlá dànù. Ọ̀gá náà ti fọwọ́ sí i pé kí a ta ti ẹ̀bá ògiri òkun fún irúgbìn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ fún wa. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di yẹ̀yẹ́ lẹ́nu òmùgọ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Wietske.

Àfikún: Ìyàwó Harmen ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí ni. Ọkọ rẹ̀ rán an pé bóyá o lè fi ìgò díẹ̀ ránṣẹ́ fún ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó lọ sọ fún un pé ẹnu tó fi bà ọ́ lórúkọ jẹ́ ni kó fi wá tọrọ.