Wáìnì Ítálì Tí Mo Gbé Lọ Tọrọ Wúràọlá

Ìlobùú,
Oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1956.

Dúró ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òyìnbó Ítálì tí ò ń bá kọ́lé ní Àpápá ńkọ́, ṣé kì í pariwo lé ọ lórí jù? Dáadáa ni gbogbo wa wà, àfi ẹsẹ̀ ìyá rẹ tí ọyẹ́ ti là. Àárò rẹ ń sọ mí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa rẹ o.

Ìgò wáìnì tí o gbà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, tí o fi rán Yésúfù onílọ́rì, dé ọwọ́ mi, kò fọ́. O ní kí n gbé e lọ bá bàbá Wúràọlá ní Ìfọ́n, kí n fi tọrọ ọmọ wọn fún ọ, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, pé ọmọdé wáìnì ni, èṣí ni wọ́n fún èso rẹ̀. Èṣí kẹ̀? Èmi tí mo ti ń dá ẹmu kí a tó bí ọ, ẹmu tó bá sun ọjọ́ kan ti dàgbà lọ́wọ́ mi. Ta ló wá ń pe èyí tó sun ọdún kan lọ́mọdé?

Mo ṣí i, mo da díẹ̀ sínú ahá. Kò hó, oyin kan ò sì bà lé e. Ó pupa bí omi ìsápá, òórùn rẹ̀ sì dára bíi ti agbálùmọ̀ tó ti rọ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà tó dé ẹnu mi, ó kan, ó sì gbẹ mí láhọ́n bíi kajú tí kò tíì pọ́n. Mo ní ó tán, òyìnbó ti rẹ́ ọmọ mi jẹ. Àyà mi já, torí o mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín àwa àti Ìfọ́n, bí mo bá gbé ọtí kíkan lọ, wọ́n á ní mo wá bú àwọn nínú ilé àwọn ni. Ìyá rẹ ní kí n da ṣúgà sí èyí tó wà nínú ahá, mo dà á, kò gbọ́. Mo fi ẹmu òwúrọ̀ là á, ló bá hó bí ọṣẹ, kíkan rẹ̀ tún wá le sí i. Ọjọ́ tí a dá fún wọn sì ti pé, ni mo bá dé ìgò náà, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

O mọ̀ pé bàbá Wúràọlá, Adéjọbí, kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n mu ún, ojú wọn fún pọ̀, èmi sì ti ń wá fìlà mi kí n máa lọ. Wọ́n bi mí bóyá ohun tí ọmọ mi ń mu l'Ékòó nìyí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá rẹ̀ ló máa ń fún un, á mu ún, á sì tún dúpẹ́. Wọ́n wá ní ẹni tó bá lè mu eléyìí kó sì dúpẹ́, yóò lè fara da ẹnu Wúràọlá ọmọ àwọn tó mú bí abẹ, kí a wá gbé ìyàwó wa. Dúró, omijé bọ́ lójú mi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra iṣu àti obì ìdána. Wọ́n ní bí a bá ń bọ̀, kí a má gbé wáìnì dání mọ́.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ilé yín dùn ju ohun tí a fi tọrọ ìyàwó rẹ lọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Amos Sàlàkọ́